Ẹ̀tàn Tí Kò Parọ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Crossword Inú Ìwé Ìròyìn Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Àlọ́ o!

Ẹ ṣeun, mo gbọ́ “Àlọ̀” yín dáadáa. Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kí ni o? Ẹ̀wà! Ẹ wo bí ẹ ṣe dáhùn wàràwàrà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú yín tó ronú. Rírántí ni ẹ rántí. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé ni ẹnì kan ti sọ ìdáhùn rẹ̀ fún yín, lẹ́yìn tí ẹ ti wá a títí tí ẹ kò rí i. Ogún ni àlọ́ àpamọ̀ tiwa. Bó bá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di tiwa nìyẹn.

Eré tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, tuntun ni lójoojúmọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ìwé ìròyìn ńlá á gbé nǹkan bí ọgbọ̀n àlọ́ jáde tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni pátákó onígun mẹ́rin kan wà, tó kún fún àpótí dúdú àti funfun. Inú àpótí funfun la ń kọ ìdáhùn sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó lọ ní ìbú á gba inú ọ̀rọ̀ tó lọ ní òró kọjá, wọ́n á jọ lo lẹ́tà kan náà níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìyẹn ni crossword. Irú rẹ̀ tó pọ̀ nínú ìwé ìròyìn nílé, ìbéèrè lásán ló máa ń bi yín: olú ìlú Ghana, lẹ́tà márùn-ún. Ẹ mọ̀ ọ́n tàbí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èyí tí wọ́n ń pè ní cryptic kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni. Gbólóhùn kan ló máa gbé ka iwájú yín, tí ẹ ó kà á tí yóò yé yín, tí yóò sì jẹ́ pé ohun tó yé yín yẹn kọ́ ló ń sọ.

Kí n má baà jí ti ẹlòmíràn, èyí tí mo ṣe fúnra mi ni n ó fi ṣàlàyé. “African flower (5)”. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ní òdòdó kan ni wọ́n ń wá nílẹ̀ Áfíríkà, lẹ́tà márùn-ún. Á ka gbogbo òdòdó tó mọ̀ tán, kò ní rí i. Ó yẹ kó wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. “Flow” nínú èdè wọn ni kí omi máa ṣàn. Ohun tó bá ń ṣàn, bí apàlọ́ bá fi agídí sí i, “flower” ni. Kí wá ni nǹkan ńlá tó ń ṣàn ní Áfíríkà, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ márùn-ún? Niger! Odò Ọya! Ọmọ Yorùbá ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ayé mọ ìyẹn. Ẹ̀tàn àtijọ́ ni ti òdòdó tó di odò yìí o. Kò sí ẹni tó ti pẹ́ nídìí eré náà tí kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbé e wá ní àárọ̀ tí orí kò tíì jí, á tún mú wọn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni àlọ́ yẹn ní. Èyí tó pọ̀ jù nínú cryptic, ọ̀nà méjì ló ní, ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì sì ń já sí. Ìtumọ̀ ìdáhùn á wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́ tàbí ní ìparí rẹ̀, gbangba, bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe máa kọ ọ́. Ìyókù á máa sọ bí ẹ ó ṣe rí lẹ́tà rẹ̀ kó jọ. Wọn kò ní sọ fún yín ibi tí ìkíní ti parí tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ gbọ́ èyí: “Untidy goals in Nigerian city (5)”. Bí ẹ bá kà á báyìí, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, góòlù jákujàku ló ń wọlé ní ìlú kan ní Nàìjíríà. Ọkàn yín ti lọ sí pápá ìṣeré, ibẹ̀ gan-an sì ni apàlọ́ fẹ́ kó lọ. Ẹ padà wá. “Nigerian city” ni ìtumọ̀. “Untidy” ń sọ fún yín pé lẹ́tà inú “goals” kò sí ní ipò rẹ̀, kí ẹ tún un tò. G, O, A, L, S. Ẹ dà á rú, ẹ tún un tò, Lagos ló jáde. Lẹ́tà pé, kò ṣẹ́ kù, ìlú náà sì wà ní Nàìjíríà.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ìdáhùn náà ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Bí ẹ bá gba Lagos, ẹ kò ní dúró de ìwé ìròyìn ọ̀la kí ó tó dá yín lójú. Nínú ìbéèrè lásán, ẹ lè ṣì í kó dà bí ẹni pé ẹ gbà á. Nínú cryptic tó dára, kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀nà méjèèjì á pàdé, ẹ ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe bára wọn nínú orí yín.

Oríṣiríṣi ni ìlànà lẹ́tà yẹn. Wọ́n lè ní kí ẹ bẹ́ ọ̀rọ̀ lórí: “Spouse losing head in Yoruba city (3)”. Ìyàwó sọ orí rẹ̀ nù nílùú Yorùbá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ lẹ́tà àkọ́kọ́ kúrò nínú “wife”, Ife ló kù. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kí ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá, wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ kan há àárín òmíràn. Nígbà míì wọ́n á kọjá òfin lọ. Ọ̀kan wà tí gbogbo àgbà eré náà mọ̀: “HIJKLMNO (5)”. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Lẹ́tà ló tò láti H dé O. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sì sọ “H to O”, ó bá ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì kẹ́mísírì dọ́gba, H2O, omi. Water! Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyẹn fún mi, inú bí mi, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo lọ fi han ẹlòmíràn kí inú lè bí òun náà.

Kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní New York, ló gbé àkọ́kọ́ jáde nínú New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Ìbéèrè lásán ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1924, eré náà ti gba Amẹ́ríkà kan débi pé The Times ti London kọ̀wé pé Amẹ́ríkà ti di ẹrú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1930, The Times gbé tirẹ̀ náà jáde. Gbogbo wa la mọ irú àgbà bẹ́ẹ̀. Adrian Bell ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, àgbẹ̀ tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, tí kì í ṣe ẹni tó ti ń ṣe eré náà tẹ́lẹ̀. Ó sì pa àlọ́ fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó sọ ìbéèrè di ẹ̀tàn gidi ni Edward Powys Mathers, nínú The Observer, láti 1926 títí tó fi kú ní 1939. Kò lo orúkọ ara rẹ̀. Torquemada ló pe ara rẹ̀, orúkọ àgbà adájọ́ ìjọ tó ń dá àwọn èèyàn lóró nítorí ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Sípéènì láyé ọjọ́un. Nígbà tí Derrick Macnutt jókòó sí ipò rẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní Ximenes, adájọ́ ìjọ mìíràn. Ní 1972, Jonathan Crowther gba ipò lọ́wọ́ Ximenes, ó sì di Azed. Ẹ ka Azed láti ẹ̀yìn: Deza, òun náà adájọ́ ìjọ ní Sípéènì. Ẹ tún kà á láti iwájú: A dé Z, gbogbo lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń dá ara wọn lórúkọ adánilóró, tí wọ́n tún fi àlọ́ há inú orúkọ náà, kí lẹ rò pé wọ́n máa fojú ẹni tó ń tú u rí?

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín Torquemada àti Ximenes, lórí ìyàtọ̀ yẹn sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Torquemada lè da lẹ́tà ọ̀rọ̀ rú kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dà á rú. Ẹ ó máa tọ́ ọ kiri ni. Ximenes kọ̀ jálẹ̀. Ó ní apàlọ́ gbọ́dọ̀ ṣe òdodo. Azed ló wá kó ẹ̀kọ́ ọ̀gá rẹ̀ jọ sí gbólóhùn kúkúrú: àlọ́ tó dára ní ìtumọ̀ tó ṣe rẹ́gí, ó ní ìtọ́sọ́nà tí kò rẹ́ni jẹ, kò sì ní nǹkan mìíràn. Apàlọ́ kan tó ń jẹ́ Afrit, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ A. F. Ritchie, tó tún jẹ́ pé afrit jẹ́ irú àlùjọ̀nnú kan lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ti sọ ọ́ ní 1949 lọ́nà tí n kò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kò di dandan kí òun ní lọ́kàn ohun tí òun sọ, ṣùgbọ́n dandan ni kí òun sọ ohun tí òun ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lára díẹ̀. Apàlọ́ lómìnira láti mú kí ẹ ro bọ́ọ̀lù nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìlú. Kò lómìnira láti parọ́. Bí ẹ bá padà sí gbólóhùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti rí ìdáhùn, kí ẹ kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀yin lẹ kà á bí ẹ ṣe fẹ́. Ìbínú méjì ló sì wà nídìí eré yìí, kò yẹ ká dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni ìbínú ẹni tí wọ́n tàn láì rẹ́ ẹ jẹ: ẹ ó lu tábìlì, ẹ ó ní “olè ni ọkùnrin yìí!”, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ìbínú yẹn gan-an ni adùn náà. Kò sí bí ẹ ṣe lè mú ọ̀kan kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lóòótọ́. Ìyẹn kì í yí padà di ẹ̀rín.

Mo ti pàdé irú èkejì yìí dáadáa. Ìwé ìròyìn kan wà tí n kò ní dárúkọ, tí apàlọ́ rẹ̀ fẹ́ràn kó máa fi ewéko tí kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ṣe ìdáhùn, kó sì fi dída lẹ́tà rẹ̀ rú ṣe ìtọ́sọ́nà. Ẹ ó rí gbogbo lẹ́tà níwájú yín, ẹ kò ní mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ọ̀nà méjì ló yẹ kí ẹ ní; àwọn méjèèjì ló ti dí mọ́ yín lójú. Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Chambers, tí í ṣe ìwé tí àwọn eléré yìí gbójú lé jù, ẹ ó bá a níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó bá ewéko ṣeré?

Ti ẹni tí a kò bí sílé wọn tún wá wà lọ́tọ̀. Nínú àlọ́ wọn, pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ. Lẹ́tà O ni, nítorí nínú kríkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá kúrò lójú pápá láì gba àmì kankan, wọ́n ní ó gba “duck”. Atukọ̀ ojú omi lè jẹ́ TAR, ó lè jẹ́ AB. Òṣìṣẹ́ lè jẹ́ èèrà, ó lè jẹ́ oyin. Èèyàn rere ni ST, nítorí bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ àwọn ẹni mímọ́ kúrú. Bí “Nice” bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ẹ ṣọ́ra, ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Faransé, èdè Faransé ni ìdáhùn máa sọ. Kò sí èyí tí òye lè fúnra rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀. Ẹ lè sọ Gẹ̀ẹ́sì ju ọba wọn lọ, bí ẹ kò bá jókòó ti kríkẹ́ẹ̀tì rí, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó wà.

Mo bínú sí èyí fún ìgbà pípẹ́. Mo ní eré ọmọ onílé ni, wọ́n kàn ń fi ọgbọ́n bojú. Lẹ́yìn náà ni mo rántí àwọn àlọ́ tiwa. Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ọmọrogùn ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí London, tí kò rí ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń ro àmàlà lórí iná rí, báwo ni ó ṣe máa gba ìyẹn? Ọmọ tí kò mọ tìróò, ibo ni ó ti máa rí ẹ̀wà? Kò sí àlọ́ tí kì í ti ojú ilé ẹni wá. Nítorí náà mo ti dẹ̀ ẹ́ fún wọn lórí pẹ́pẹ́yẹ. Lórí àwọn oríkì ilé ìwé tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń lọ, n kò tíì dẹ̀ ẹ́.

Ọ̀kan tí n kò lè fara dà títí di òní ni àlọ́ tó gbára lé ohùn. Apàlọ́ á ní “a gbọ́ pé,” ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ méjì kan dún bákan náà. Létí ta ni? Àwọn ará Scotland tó ń pe R wọn ketekete ti ń ráhùn tipẹ́ pé “sauce” àti “source” kò dún bákan náà lẹ́nu àwọn. Tiwa le ju tiwọn lọ. Létí ọ̀pọ̀ wa tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé, “ship” àti “sheep” ohùn kan ni; “cut”, “cot” àti “caught” kò sì jìnnà síra. A ń gbọ́ àlọ́ níbi tí wọn kò pa á sí! Mo ti kọ ìdáhùn tó dún régérégé létí Ìbàdàn, tí kò bá nǹkan kan mu ní London.

Kí n má gbàgbé ìṣòro èyí tó kẹ́yìn. Ẹ ti kún gbogbo pátákó, ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ní lẹ́tà rẹ̀ kejì, kẹrin àti kẹfà. Ẹ wò ó títí, kò wá. Ẹ gbé e tì, ẹ fọ abọ́, ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tó bàjẹ́, ìdáhùn á wá já lu ọkàn yín láì pè é. Ẹ kò mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń tú cryptic pẹ́ á kọ́ bó ṣe yẹ kó gbé e tì lásìkò; agídí kì í ṣí i. Èyí tó burú jù ni kí ìdáhùn wá kó má sọ ìdí tó fi wá. Ẹ mọ̀ pé òun ni, lẹ́tà bá a mu, ìtumọ̀ bá a mu, ọ̀nà kejì kò yé yín. Àwọn kan á kọ ọ́ sílẹ̀ wọ́n á lọ. Èmi kò lè sùn.

Ẹnì kan máa bi mí nípa ogun, nítorí náà kí n sọ ọ́ kí n kọjá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1942, àwọn kan ń ráhùn pé crossword inú Daily Telegraph ti rọrùn jù. Ọkùnrin kan fi £100 lélẹ̀ fún ìtọrẹ àánú bí a bá rí ẹni tó lè tú u láàárín ìṣẹ́jú 12. Wọ́n kó àwọn tó fẹ́ dán an wò jọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà láti iléeṣẹ́ ogun dé ọwọ́ díẹ̀ nínú wọn: Bletchley Park ń wá èèyàn, níbi tí wọ́n ti ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ àwọn Jámánì. Ní 1944 ẹ̀wẹ̀, orúkọ ìkọ̀kọ̀ ìkọlù sí etíkun Normandy, Utah, Omaha, Overlord, Mulberry, Neptune, bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú ìdáhùn ìwé ìròyìn kan náà kí ọjọ́ tó pé. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba lọ bá apàlọ́ náà, Leonard Dawe, ọ̀gá ilé ìwé ni, wọ́n bi í léèrè títí, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìtàn dáradára ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n n kì í fi wọ́n tan èèyàn wọ eré náà, kí wọ́n má baà rò pé ó máa ṣe ọpọlọ wọn ní àǹfààní kan. Eré ni.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni John Graham. Àlùfáà Áńgílíkà ni. Láti 1958 ló ti ń pa àlọ́ fún The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Araucaria ni orúkọ tó ń lò, igi kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní gígun rẹ̀ máa rú ọ̀bọ pàápàá lójú. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, iṣẹ́ àlùfáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlọ́ ló ń tà jẹun. Kì í tẹ̀ lé gbogbo òfin Ximenes. Àwọn olófin a máa gbé e wò tìfuratìfura, àwọn òǹkàwé a sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹbí. Èmi tí mo ti ń wàásù òfin láti àárọ̀, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Araucaria, mo máa ń panu mọ́. Bó bá fò kọjá òfin, ẹ ó rí ibi tó fò gbà, ẹ ó sì rí i pé ibi tó dára ló bọ́ sí.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, àwọn tó ṣí Guardian bá ọ̀rọ̀ ṣókí kan lókè crossword rẹ̀. Ó ní Araucaria ní 18 ti 19, èyí tí wọ́n ń fi 13 15 tọ́jú. Nọ́ńbà yẹn, nọ́ńbà àwọn àlọ́ inú pátákó ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú àlọ́ rẹ̀. Wọ́n tú u. 18 ni jẹjẹrẹ. 19 ni ọ̀nà ọ̀fun. 13 àti 15 ni irú ìtọ́jú tí dókítà ń ṣe nígbà tí wọ́n kò lépa ìwòsàn mọ́, tí wọ́n kàn ń dín ìrora kù. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé oníròyìn. Bó ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún náà ló ṣe bá wọn sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù nínú ilé tirẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ẹni ọdún 92.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ní àwàdà ikú kò dára. Bóyá. Àwa náà tí a ní àrokò, tí a ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ lójú ẹni tí a kò fẹ́ kó gbọ́, a kò lè sọ pé a kò mọ ìdí tí èèyàn fi máa gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn bá a dé ibẹ̀, òun àti apàlọ́ ti di ẹni kan náà.

Ìbéèrè tí ẹ fẹ́ràn láti máa bi mí ló kù: ṣé ó ṣeé ṣe ní Yorùbá? Mo ti ń dán an wò. Ẹ gba díẹ̀.

“Òkè dojú dé, ó di ìlú etíkun (3)”. Ẹ kọ òkè, ẹ kà á láti ẹ̀yìn: Èkó.

“Ìlú kan wà nínú ẹlẹ́dẹ̀ (3)”. Ẹdẹ ni. Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ ẹ́. Lẹ́tà ni mo wò, n kò wo ẹ̀sìn.

“Ohun ìránṣọ wà nísàlẹ̀ rẹ (5)”. Mo rí ẹni méjì tó wo orí àga. Ìsàlẹ̀ rẹ ni abẹ́ rẹ. Ẹ pa á pọ̀, abẹ́rẹ́.

“Ìlú tí à ń bù fún àgbà (3)”. Ọ̀wọ̀.

Ẹ rí i pé èdè náà gbà fún un. Àní ó dà bí ẹni pé wọ́n dá a fún pátákó. Kò sí kọ́ńsónáǹtì méjì tó ń lẹ̀ mọ́ra, fáwẹ́lì ń wọlé léraléra, nítorí náà ó rọrùn kí ọ̀rọ̀ ìbú àti ti òró pàdé lórí fáwẹ́lì. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ orúkọ wa tó pọ̀ jù ló ń fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, fáwẹ́lì náà ló sì ń parí wọn, tí lẹ́tà tí ẹ bá rí níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé kò fi ní là yín lójú tó bó ṣe yẹ. Bí A bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìdajì ìwé atúmọ̀ èdè ṣì wà níwájú yín.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló le. Nínú àlọ́ mẹ́rin tí mo pa yẹn, bí a bá ní àmì gbọ́dọ̀ bára mu, Ọ̀wọ̀ nìkan ló yè é. Òkè tí a dojú rẹ̀ dé kò ní ohùn Èkó. Ohùn Ẹdẹ kò sí nínú ẹlẹ́dẹ̀. Abẹ́ rẹ kì í ṣe abẹ́rẹ́, àyàfi bí ẹ bá jókòó lé e. Inú pátákó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àpótí kan náà ni ọ̀rọ̀ ìbú á fẹ́ kó jẹ́ ọ̀, tí ọ̀rọ̀ òró á fẹ́ kó jẹ́ ọ́. Àwọn olùkọ́ èdè tó wà níbí ti ń wò mí, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Èrò tèmi ni pé kí àmì ohùn wà pé pérépéré nínú gbólóhùn àlọ́, kó má sí nínú àpótí. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: nínú àpótí, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, apàlọ́ tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi ìyàwó ilé wá àgbẹ̀, á fi àgbẹ̀ wá awakọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìlà abẹ́ ẹ àti ọ dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá yọ ìyẹn náà kúrò ti rẹ́ wa jẹ.

Gb ńkọ́? Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, lẹ́tà kan ni, àpótí kan ló sì tọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ pín in sí méjì, kó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìpàdé.